Orí Àpótí Ni Wọ́n Wà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Fi Aṣọ Dárà

Abẹ́òkúta ni mo ti bá àwọn aránṣọ àti aláṣọ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ tò sẹ́yìn, ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

Wọ́n ní kí n sọ bí a ṣe lè ṣàwárí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi aṣọ dárà, ká sì tì wọ́n lẹ́yìn. "Ṣàwárí" yẹn kò bá mi lára mu. Ohun tó bá sọnù là ń wá. Àwọn ọmọ yìí kò sọnù. Orí àpótí ni wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí wọ́n ń tú òwú aṣọ tí ẹlòmíì rán bàjẹ́.

Lóṣù tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìtòkú. Ọmọbìnrin kan ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ funfun. Ìbàdàndùn, àrà àdìrẹ àtijọ́, ni wọ́n ní kó yà, ẹ sì mọ Ìbàdàndùn: òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn, ṣíbí láàárín wọn. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ọmọ yìí ti fo ṣíbí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló yà síbẹ̀. Ó tún ya awakọ̀ sínú rẹ̀, tó yọ orí síta bí ẹni tó ń pe èrò. Ọ̀gá rẹ̀ figbe ta: "Ta ló rán ẹ?" Wọ́n ṣáà rẹ ẹ́ láró. Nígbà tí wọ́n fọ ẹ̀kọ kúrò, tí wọ́n sá a gbẹ, tí wọ́n kó o jáde mọ́ àwọn tó kù, oníbàárà tó kọ́kọ́ wọlé kò wo òmíì.

Àwọn kan á ní ẹni tí kò bá tíì pàtẹ l'Ékòó kò tíì di nǹkan kan. Irọ́ ni. Mi ò bá Lagos Fashion Week, ìpàtẹ aṣọ ńlá Èkó, jà. Láti 2011 tí Omoyemi Akerele ti dá a sílẹ̀ ló ti ń gbé ọmọ wa jáde. Kenneth Ize, ọmọ wa tó ń fi aṣọ dárà, náà wà lára àwọn tó kù kẹ́yìn ní 2019 nínú ìdíje tí LVMH, ilé-iṣẹ́ aṣọ olówó ńlá ní Faransé, ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́, ó sì pàtẹ ní Paris ní 2020. Kí ló kó lọ? Aṣọ òkè! Àwọn ahunṣọ ló hun ún, àwọn tó ń na òwú gbọọrọ sójúde, tí wọ́n ń gbé òkúta lé ìparí rẹ̀ kó má baà dẹ̀. Ṣé àwọn yẹn kì í ṣe adárà ni?

Ẹ wo Màmá Shade Thomas-Fahm. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n bá dé Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó yà sídìí aṣọ. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkó, ìró tí àwọn ìyá wa ń ró ni wọ́n fi síìpù sí. Gèlè ni wọ́n wé sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé dídé ló kù. Ohun tó wà nílé ni wọ́n fi dárà.

Ẹni tó mú aago dání ti ń ṣẹ́jú sí mi. Mo fẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó ni ọmọ iṣẹ́ kan bá nawọ́ lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá rí iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ọ̀gá mi ló wà lára rẹ̀. Ta lẹ máa sọ pé ẹ rí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo pa ìwé mi dé. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin kan ti wà ní Nàìjíríà láti 1970 tó ń dáàbò bo àrà tuntun. Ẹni tó bá forúkọ àrà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, òfin á dáàbò bò ó fún ọdún 5, ó sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, tó fi máa di ọdún 15. Tí ẹ bá gba ènìyàn síṣẹ́, tó dá àrà lẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ló ní kí orúkọ ẹni tó dá a wọ ìwé, àdéhùn kankan kò sì lè yí i padà. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ forúkọ àrà tí ẹ dá fún ara yín sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e sórí Instagram: àrà tí gbogbo ayé ti rí, òfin ò kà á sí tuntun mọ́. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ àdìrẹ ayédèrú, fọ́tò yín ni wọ́n ń wò.

Ìyá kan níwájú bínú: "Kí n kọ orúkọ ọmọ iṣẹ́ sára aṣọ, kó wá kó oníbàárà mi lọ?" Mà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún un. Ó máa lọ. Ẹ jẹ́ kó mú orúkọ dání lọ.

Ti owó kò gùn. Tí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́, ẹ san àsansílẹ̀ tó máa ra aṣọ àti aró. Ẹ má gbé iṣẹ́ lọ kí ẹ wá ní "ó dọ̀la". Tí ẹ bá ń rán 50 aṣọ ẹbí, ẹ fi 5 fún ẹni tuntun, kí ẹ sì fún un ní oṣù kan gbáko.

Kí n tó jókòó, mo béèrè orúkọ ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní kó tún un sọ, kí àwọn tó wà níwájú lè gbọ́. Ó dìde, ó tún un sọ.