Ṣé Òṣìṣẹ́-Fẹ̀yìntì Lè Gba Iṣẹ́ Mìíràn Kí Pẹ́ńṣàn Rẹ̀ Má Dúró?

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì n'Íbàdàn máa ń bi ara wọn: bí mo bá tún gba iṣẹ́, ṣé ìjọba kò ní dá pẹ́ńṣàn mi dúró? Àwọn kan ti tìtorí ìbẹ̀rù yìí jókòó sílé nígbà tí ara wọn ṣì le, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni sì ń wá olùkọ́ tó mọṣẹ́. Ó dùn wá gan-an, nítorí òfin kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 210, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó sin ìjọba ìpínlẹ̀ dúró, tàbí kí wọ́n yí i padà lọ́nà tí yóò fi pa á lára, àfi níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á. Inú Àfikún Karùn-ún ìwé kan náà ni òfin ti wá pààlà. Ìpínrọ̀ kẹrin níbẹ̀ sọ pé ẹni tó ń gba pẹ́ńṣàn láti inú àpò ìjọba kò gbọdọ̀ di ju ipò kan ṣoṣo tó ń mówó wá mú, ìbáà ṣe ipò alága, olùdarí tàbí òṣìṣẹ́, ní iléeṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba tàbí tó wà lábẹ́ àkóso ìjọba. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ipò kan kò léèwọ̀, ìkejì ni òfin kọ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí akọ̀wé àgbà kan bá fẹ̀yìn tì ní Sẹkitéríàtì Agodi, tí àjọ ìjọba kan sì gbà á síṣẹ́, owó oṣù náà àti pẹ́ńṣàn rẹ̀ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún fẹ́ fi í jẹ alága iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn tí yóò máa sanwó fún un, àfi kó yan ọ̀kan.

Ti aládàáni kò sí nínú èèwọ̀ yìí rárá. Ẹ lè kọ́ ọmọ ní Bódìjà, ẹ lè ta aṣọ ní Gbági, ẹ sì lè dáko ní Ìdó.

Abala 210 yìí kan náà ló ní kí wọ́n má gba owó orí lórí pẹ́ńṣàn ìpínlẹ̀. Owó oṣù tuntun kò sí lábẹ́ ààbò yẹn, nítorí náà, bí wọ́n bá yọ owó orí níbẹ̀, kì í ṣe ìrẹ́jẹ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni ọjọ́ àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, nítorí àìyọjú síbẹ̀ lè dá owó dúró. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ yín mọ̀ pé ẹ máa gbàyè lọ́jọ́ náà.