Ìwé Tí Bàbá Mi Fọwọ́ Sí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi. Manchester ni mo wà, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ lọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí, lórí ẹgbẹ́ alájẹṣékù.

Kò sí òṣìṣẹ́ nílé tí kò mọ̀ ọ́n. Láti 1935 ni òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà. Wọ́n á máa yọ owó lára owó oṣù yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yáwó, ẹlẹgbẹ́ yín á ṣe onídùúró: bẹ́ ẹ ò bá san, kí wọ́n yọ ọ́ lára tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni owó yìí kọ́. Ṣùgbọ́n owó oṣù ló gbé e ró. Nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ń fa wàhálà LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ ni, kó tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan ní 2020, tí owó oṣù ò wọlé déédéé, kí ni wọ́n fẹ́ rí yọ?

Bàbá mi ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ wọn kan ní ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sanwó mọ́. Ọjọ́ tí màámi ń fọṣọ ni wọ́n bá ìwé owó oṣù bàbá mi, tí wọ́n ti yọ gbèsè náà lára rẹ̀, nínú àpò ṣòkòtò. Wọ́n jókòó ti bàsíà, ìwé tó ti rin gbingbin lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn dùn wọ́n, àmọ́ èyí tó dùn wọ́n jù ni pé gbogbo ọ́fíìsì ti mọ̀ kí àwọn tó mọ̀.

Ọ́fíìsì ọ̀hún náà ò rí bákan náà mọ́. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì gbé fọ́ọ̀mù láti tábìlì dé tábìlì, kò rẹ́ni fọwọ́ sí i. Kò sì jẹ ẹnikẹ́ni lówó rí, obìnrin yẹn!

Níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó níbí, a máa ń bára wa gba iṣẹ́ alẹ́. Tí mo bá gba alẹ́ Sátidé ẹnì kan, ọkọ mi ló máa dá dúró ti àwọn ọmọ. Nítorí náà mo máa ń bi í kí n tó dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní mo ń gbàyè lọ́wọ́ ọkọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí.

Láìpẹ́, àbúrò mi pè mí láti ilé: ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá onídùúró. Mo ní, “Ṣé bàbá àwọn ọmọ ti gbọ́?” Ó ní kò tíì gbọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n ṣírò iye tó máa kù bí onítọ̀hún ò bá san. Wọ́n ṣírò ó. Ó fọwọ́ sí i, ọkọ rẹ̀ sì mọ iye rẹ̀.