Nígbà Tí Rọ́bọ́ọ̀tì Bá Fẹ́ Pààrọ̀ Báìsì

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó. Kí rọ́bọ́ọ̀tì máa bá ẹ̀rọ gbé irin kì í ṣe tuntun mọ́. Ní 1961 ni rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Unimate bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irin gbígbóná nínú ẹ̀rọ tó ń da irin yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dì, nílé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ní New Jersey, Amẹ́ríkà. Ìgbà tí iṣẹ́ kan parí tí òmíràn fẹ́ wọlé ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: báìsì, ìyẹn ohun tó ń di irin mú lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e, tó bá irin àkọ́kọ́ mu kò gba èkejì. Ẹni tó ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ ohun kan náà kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kan bá fẹ́ 20, tí òmíràn fẹ́ 35, iṣẹ́ àkọ́kọ́ á parí láàárín òru, ẹ̀rọ olówó gọbọi á sì dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Shigeo Shingo, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jápáànì, ló la ojú ọ̀pọ̀ wa sí i. Ní Toyota lọ́dún 1969, wákàtí 4 ni pípààrọ̀ mọ́ọ̀dì ẹ̀rọ ìtẹrin alágbára 1,000 tọ́ọ̀nù ń gbà. Wọ́n fà á wálẹ̀ sí ìṣẹ́jú 90, lẹ́yìn náà sí 3. Ohun tó bá ṣeé ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, wọn ò jẹ́ kó dúró de ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́.

Ti rọ́bọ́ọ̀tì rèé. Wọ́n á de àwo irin oníhò mọ́ tábìlì ẹ̀rọ. Báìsì kọ̀ọ̀kan á ní kókó irin nísàlẹ̀ tó ń wọ ihò náà. Sípíríǹgì ló ń di kókó yìí mú, afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló ń tú u. Ìyẹn dára púpọ̀, torí bí afẹ́fẹ́ bá tiẹ̀ tán lójijì, báìsì kò ní já. Ilé iṣẹ́ SCHUNK ti Jámánì wà lára àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀. Bí a bá gbé báìsì kúrò tí a tún dá a padà, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 0.005 mìlímítà lọ.

Àmọ́ èérún irin lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ká ní báìsì fẹ̀ tó mìlímítà 100, tí èérún tó nípọn 0.1 há sábẹ́ etí rẹ̀ kan. Ní gíga mìlímítà 200, irin náà ti yẹ̀ ní 0.2. Iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ á fi àkísà nù ún, á fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, kò tiẹ̀ ní rántí pé òun ṣe é. Rọ́bọ́ọ̀tì ò ní àtàǹpàkò. Nítorí náà wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sójú ìjókòó náà kí báìsì tó balẹ̀, wọ́n sì lu ihò tóóró síbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí báìsì bá jókòó dáadáa, ó dí ihò náà pa, agbára afẹ́fẹ́ á ga sókè. Bí èérún bá wà lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde, ẹ̀rọ kò sì ní gbà láti bẹ̀rẹ̀. Èmi gbà pé ẹni tó bá fo ibí yìí torí owó kò tíì ṣetán láti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lóun nìkan lóru.

Ó tún yẹ kí ẹ̀rọ mọ báìsì tó wà lórí rẹ̀ kó tó mú ètò iṣẹ́. Ẹ sì ṣírò ìwúwo dáadáa: báìsì, irin inú rẹ̀ àti ọwọ́ tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń gbá a mú, apá kan ṣoṣo ni yóò gbé gbogbo rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ra àwo oníhò yẹn, kí ẹ máa fi ọwọ́ yín pààrọ̀ báìsì lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì máa wọn iṣẹ́ tó bá jáde. Bó bá ń yẹ̀ lọ́wọ́ yín, yóò yẹ̀ lọ́wọ́ rọ́bọ́ọ̀tì náà.