Kóòdù Ìfìwéránṣẹ́ Tí Kò Ní Ọjọ́ Lára Kò Tíì Pé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tó ń tọ́jú fáìlì ààlà kóòdù ìfìwéránṣẹ́ láti ọdún dé ọdún. Apínlẹ́tà ni wọ́n dá kóòdù ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ fún, kì í ṣe ayàwòrán ilẹ̀. Bí iṣẹ́ pípín lẹ́tà bá yí, kóòdù náà á yí. ZIP code Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963, jẹ́ àkójọ àdírẹ́sì àti ọ̀nà tí apínlẹ́tà ń gbà. Òmíràn kò ju àpótí lẹ́tà tàbí iléeṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo lọ. Ààlà tí ẹ ń rí nínú fáìlì, ẹlòmíràn ló fà á. Àjọ ìkànìyàn ibẹ̀ ń fa tirẹ̀, ZCTA (àgbègbè tó sún mọ́ ti ZIP code), láti ìkànìyàn ọdún 2000, wọ́n sì ń tún un fà ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ má wá kóòdù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014 nínú ZCTA ti 2010. Jámánì ní tirẹ̀ yí gbogbo kóòdù padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1993, láti dígíìtì mẹ́rin sí márùn-ún.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni fífi fáìlì tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ yín ní kóòdù, àwòrán ààlà, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin. Bí ààlà bá yí, ẹ fi ọjọ́ òpin sí ìlà àtijọ́, kí ẹ sì ṣí ìlà tuntun láti ọjọ́ yẹn kan náà. Ẹ ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má ka ọjọ́ òpin; bí ẹ bá ka méjèèjì, àdírẹ́sì kan yóò bọ́ sínú ìlà méjì lọ́jọ́ ìyípadà. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi kóòdù pamọ́ sí, kì í ṣe nọ́ḿbà, torí bí Excel bá kà á sí nọ́ḿbà, 02134 á di 2134.

Ìfiwéra ọdún sí ọdún ló le jù. Ká ní kóòdù kan tí ènìyàn 1,000 ń gbé pín sí A àti B. Kóòdù A gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀, àmọ́ igbó ló pọ̀ níbẹ̀. Ìdá 30 péré nínú ọgọ́rùn-ún àdírẹ́sì ló ní. Bí a bá fi ilẹ̀ pín in, kóòdù A gba ènìyàn 800. Bí a bá fi àdírẹ́sì ilé gbígbé pín in, 300. Àdírẹ́sì ni mo fọwọ́ sí, nítorí ènìyàn ni à ń kà. Àpapọ̀ ìdá kóòdù àtijọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé 1. Bí ó bá jẹ́ 0.97, àwọn àdírẹ́sì kan ti jábọ́ nìyẹn. Ìpíndọ́gba kò ṣeé pín báyìí o: ẹ pín iye òkè (àpapọ̀ ohun tí ẹ ń wọ̀n) àti iye ìsàlẹ̀ (iye tí ẹ fi ń pín in) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó tún un ṣírò.

Bí ẹ bá gbé ààlà ọdún méjì lé ara wọn, ẹ ó rí àwọn ègé ilẹ̀ tín-ín-rín tí fífẹ̀ wọn kò ju mítà díẹ̀ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ayàwòrán ló yàtọ̀, ààlà kò yí. Bí àdírẹ́sì kankan kò bá sí nínú ègé bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àkọsílẹ̀ tí kò ní ọjọ́ ńkọ́? Ẹ má fi ọjọ́ òní dí àlàfo rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ kò sí, kí ẹ sì yà á kúrò nínú ìfiwéra.