Apá Ọmọdé, Oògùn Ìjọba: Ọjọ́ Ìbupá ní Ilé-Ìwé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin òbí. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1960 fi ń rántí ọjọ́ tí wọ́n bupá fún wa pẹ̀lú ìpayà, nígbà tó jẹ́ pé ìbupá yẹn gan-an ló yọ wá lọ́wọ́ ṣànpọ̀nná? Lójú tèmi, ìrora kọ́ ló fà á. A kò rí ẹni bá wa sọ̀rọ̀ ni.

Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955 tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ilé-ìwé ni ibi tó rọrùn jù láti bá ọmọdé púpọ̀ lójú kan. Nítorí náà, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Amẹ́ríkà dáwọ́ lé ètò àtilé ṣànpọ̀nná jáde ní 20 orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ní 1967, àwọn òṣìṣẹ́ mọ ibi tí wọn yóò wa ọkọ̀ wọn gbà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó rí bí ìbọn wá, Ped-O-Jet, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó lè ti oògùn wọ awọ ara láìsí abẹ́rẹ́. Ó lè bupá fún ènìyàn tó tó 1,000 ní wákàtí kan. Ta ló fẹ́ ráyè dá ọmọdé tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lóhùn nínú irú eré bẹ́ẹ̀? Bí ọmọ bá sì fa apá lójijì, ẹ̀rọ náà lè ya á lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dì wá mú gírígírí.

Tíṣà wa tò wá láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, ó mú pàṣán dání, ó ní ẹni tó bá sunkún yóò gba ti ẹkún. Ẹ̀rọ náà dún ṣáà, ọmọ tó wà níwájú mi fò sókè, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn wẹ́rẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Àwọn kan ti gba ojú fèrèsé sá wọ inú oko kòkó. Nígbà tí ojú ibi tí wọ́n ti bupá fún mi wú, tó sì mú ọyún, ìyá mi bi mí pé kí ni wọ́n fi sí mi lára. Èmi náà kò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ kì í ṣe àjèjì sí wa. Wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún púpọ̀ nínú wa nílé, wọ́n fi ẹ̀tù ra á, ó sì ta wá dáadáa. Ṣùgbọ́n orí itan ìyá àgbà la jókòó sí. Ó dárúkọ àìsàn tí gbẹ́rẹ́ náà wà fún, ó sì fún wa ní àkàrà lẹ́yìn rẹ̀. N kò tíì pàdé ẹni tí gbẹ́rẹ́ ń bá lójú àlá.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́de, òrìṣà ṣànpọ̀nná, ló ń mú àwọn ènìyàn wa sá fún ìbupá. A lè rí díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ: òbí tó ti sin ọmọ nítorí ilẹ̀ gbígbóná kò nílò ìwàásù.

Iṣẹ́ náà yọrí. Oṣù Èbìbí 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí ṣànpọ̀nná mú ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé. Síbẹ̀, ìfura kò tán. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2017, nígbà tí àhesọ gbòde ní apá Ìlà-Oòrùn pé àwọn ṣọ́jà ń fi abẹ́rẹ́ kó àrùn mọ́ńkípọ́ọ̀sì ran ọmọ ilé-ìwé, àwọn òbí sáré lọ kó ọmọ wọn jáde nínú kíláàsì.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní àjẹsára HPV nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ, ilé-ìwé sì ni wọ́n tún ti ń bá wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n: kí ìwé tètè dé ọwọ́ òbí, kí pàṣán dúró sí ọ́fíìsì, kí nọ́ọ̀sì sì sọ fún ọmọ ohun tó fẹ́ ṣe àti bí ìrora náà yóò ti pẹ́ tó, kó tó di apá rẹ̀ mú.