Kíbọ́ọ̀dù Àtijọ́ Yìí Kò Tíì Kú: Ẹ Jẹ́ Ká Tú U Wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún: kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀. Kíbọ́ọ̀dù IBM rèé, Model M, èyí kékeré tí kò ní apá nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́tìnnì 84 ló ní. Tòkunbọ̀ ni, Wuse l'Ábùjá níbí ni mo ti rà á lásìkò ọyẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti kú, torí bọ́tìnnì mẹ́fà kì í dáhùn. Ṣe ni mo yára sanwó nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Súìṣì ló ń mọ̀ pé ìka ti tẹ nǹkan. Ṣíìpù ló ń ròyìn rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ sún mọ́ ọn, mo ti yọ bọ́tìnnì kan kúrò. Ṣé ẹ rí sípíríǹgì tó dúró ṣánṣán yẹn? Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò kọ́kọ́ bá ìka yín jà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa ká lójijì, tó máa lu ara ihò tó wà. Ìró tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Nísàlẹ̀, ike kékeré kan á tẹ awẹ́ ọ̀rá méjì tí ọ̀nà iná wà lára wọn pọ̀. Ìka yín á ti mọ̀ pé lẹ́tà wọlé kí ojú tó rí i. Èmi ò tíì rí kíbọ́ọ̀dù òde òní olówó pọ́ọ́kú tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Súìṣì Cherry MX ti Jámánì, tó jáde láwọn ọdún 1980, yàtọ̀. Súìṣì kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọ́n fi òjé yíyọ́ jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, irin tín-ín-rín méjì ló sì ń fara kanra nínú rẹ̀. Irin yẹn máa ń gbọ̀n kó tó dúró. Ṣíìpù gbọ́dọ̀ ní sùúrù kó gbọ̀n tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, e kan ṣoṣo á di eee.

Ṣíìpù ò ní wáyà kan fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan o. Ìlà ìbú àti ìlà òòró ni wọ́n to gbogbo wọn sí, bí ebè oko, ó sì ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò kíákíá láìsinmi. Nínú kíbọ́ọ̀dù IBM PC ọdún 1981, ṣíìpù Intel 8048 ló ń ṣe é. Ẹ tẹ A níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà ló ń lọ, nọ́ńbà ni: 30. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, 158 tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́. Inú mi dùn sí èyí gan-an, torí kíbọ́ọ̀dù tí wọn ò ṣe fún Yorùbá rárá lè kọ ẹ, ọ, ṣ, bí a bá ti yan Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi bọ́tìnnì mẹ́fà wa. Ká ní ẹyọ kan ló dákẹ́, súìṣì rẹ̀ ni ǹ bá fura sí. Ṣùgbọ́n súìṣì mẹ́fà kì í fẹnu kò láti kú lọ́jọ́ kan. Ìlà kan ló já láàárín wọn àti ṣíìpù. Ibẹ̀ rèé: ìrù ọ̀rá tó wọ inú bọ́ọ̀dù, eruku ti bò ó. Mo yọ ọ́, mo fi sípíríìtì àti òwú nù ún, mo tún tì í wọlé. Ẹ rọra o, bó bá ya, iṣẹ́ ńlá ni.

Bó bá dákẹ́ pátá ńkọ́? Ẹ má tíì sọ pé ṣíìpù ti jó. Èdè ni wàhálà rẹ̀ nígbà púpọ̀. Ti 1981 ò gbọ́ èdè PS/2, ìyẹn ti ihò róbótó tó wà kí USB tó dé, ti PS/2 ò sì gbọ́ USB. Pípààrọ̀ ẹnu wáyà lásán ò tó. Ògbufọ̀ lẹ nílò, bọ́ọ̀dù kékeré tó ní ṣíìpù ATmega32U4, tí yóò dúró láàárín. Bó bá sì jẹ́ ihò PS/2 lẹ fẹ́ kì í bọ̀, ẹ kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà.

Ó yá, mo ti dì í padà. Y wà lára àwọn mẹ́fà tó dákẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tẹ̀ ni "ọyẹ́". Kọ̀ọ̀. Kọ̀ọ̀. Kọ̀ọ̀. Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà: ó ti jáde.