Omi Inú Bùtà Yẹn Wúwo

Assalaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Ẹ̀yin ará mi ní Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀kun o. A kú Jímọ̀ òní.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ tó ti di àìsàn ni, èmi gan-an ni mo sì kọ́kọ́ ṣẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ni mò ń bá wí.

Àbúrò mi kan máa ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, á kó o jọ fún àwọn oníṣòwò ńlá. Lọ́dún kan, ó rà á ní ọ̀wọ́n, iye rẹ̀ já wálẹ̀ kó tó rí i tà, gbèsè bá wọlé. A kọ́kọ́ rò pé ìrònú owó lásán ni. Nígbà tó yá, kò jáde mọ́. Oorun kì í kùn ún lóru, lọ́sàn-án kò ní dìde lórí ẹní. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un, òkèlè méjì, ó ti parí. Ẹni tó máa ń jí gbogbo ilé fún ìrun Sùbúhì ni mò ń sọ yìí o.

Lọ́jọ́ kan, mo wọ yàrá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti pe ìrun Àìlà. Bùtà àlùwàlá tí ìyá wa pọn omi sí fún un láti ìdájí ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Ó kún dé ọrùn bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Èèrà kan ti já sínú omi náà, ó ń jà pìtìpìtì. Mo ní, "Kí lo wá ń ṣe látàárọ̀?" Ó wo bùtà náà títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi yẹn wúwo."

Inú bí mi. Mo jókòó tì í, mo fi wákàtí kan gbáko ṣe wáàsí fún un: ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré, àìmoore ni, ṣàítánì ló gùn ọ́ lẹ́yìn, ṣé ìwọ nìkan ni gbèsè ń dà láàmú ní Kàbà? Kò fọhùn. Ó kàn yíjú sí ògiri. Mo sì jáde níbẹ̀ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ láádá.

Ẹ jẹ́ ká ṣí Súrà Yúsúfù. Gbogbo wa la fẹ́ràn ìtàn yẹn, àmọ́ ibi tí ẹwà Yúsúfù wà la máa ń dúró sí. Ànọ́bì Yàkúbù sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun. Ànọ́bì ni o, ọmọ Ànọ́bì, ọmọ ọmọ Ànọ́bì. Ta ló fẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ ẹni yẹn kéré? Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣe fún un bí èmi ṣe ṣe fún àbúrò mi gẹ́lẹ́: wọ́n ní kò ní yéé dárúkọ Yúsúfù títí yóò fi di aláìsàn tàbí kó kú. Baba náà kò jiyàn pé inú òun dùn. Ó ní Ọlọ́hun ni òun ń ro ẹ̀dùn ọkàn òun fún. Ibi tí mo ń lọ gan-an ni gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, āyà 87: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ, ẹ wádìí Yúsúfù àti arákùnrin rẹ̀, ẹ má sì sọ̀rètí nù nínú àánú Ọlọ́hun." Ẹni tó ké pe Ọlọ́hun náà ló rán àwọn èèyàn jáde pé kí wọ́n lọ wá ohun tó sọnù.

Èmi kò rán ẹnikẹ́ni jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ló lọ pe nọ́ọ̀sì kan wá. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni obìnrin náà. (Nílẹ̀ Ọ̀kun tiwa, ìkòkò kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń bu ọbẹ̀, ẹ jẹ́ ká má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.) Kò wàásù rárá. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó bi í: Láti ìgbà wo lo ti sùn dáadáa gbẹ̀yìn? Oúnjẹ ńkọ́? Ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń dùn mọ́ ọ? Ìkẹrin ni ìbéèrè tí èmi ò jẹ́ bi í láéláé: Ṣé ó máa ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o gbẹ̀mí ara rẹ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó oṣù kan.

Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́. Mo fa nọ́ọ̀sì náà sẹ́yìn, mo ní ṣé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ní kọ́ ọ ní ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní rárá, bíbéèrè kì í fi í sí èèyàn lọ́kàn, ẹni tó ń rò ó tẹ́lẹ̀ ló máa ń rí àyè sọ ọ́. Ó ní kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí a sì kó oògùn kòkòrò tí a fi ń fín oko kúrò nínú ilé. Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ léwé: ọpọlọ kò ju nǹkan bíi kílò kan àti ààbọ̀ lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo agbára tí ara ń lò. Ẹran ara ni, bí ẹ̀dọ̀, bí kíndìnrín. Bí ìbànújẹ́, àìsùn àti àìlókun bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lójoojúmọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Lọ́jọ́ kejì, a gba ọ̀nà Ọbájánà lọ sí Lọ́kọ́jà, àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì níwá, àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn. Dókítà fún un ní oògùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, inú rẹ̀ kò sì tíì dùn. Èmi kan náà ni mo ní kó jù ú nù! A tún tẹ dókítà láago. Ó ní irú oògùn yìí máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èèyàn tó rí iṣẹ́ rẹ̀, pé kí a má dá a dúró láìsọ fún òun.

Àwọn ará oko Lárúbáwá bi Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ṣé kí àwọn máa wo àìsàn sàn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ máa wò ó," nítorí Ọlọ́hun kò dá àrùn kan láìdá ìwòsàn rẹ̀, àfi ọ̀kan ṣoṣo, ogbó. Kò sọ pé àfi ogbó àti ti ọpọlọ.

Ẹnìkan á ní, "Àlùjọ̀nú ńkọ́, Àáfà?" Mo gbà pé wọ́n wà, Àlùkùránì sọ bẹ́ẹ̀. Rúkíyà sì dára. Ka Àlùkùránì sí i lára, fẹ́ ẹ sí omi, kò burú. Èyí tí mi ò lè gbà ni ẹ̀gba àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àti kí wọ́n máa febi pa ẹni tí kò rí oorun sùn. Obìnrin kan tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀ wá bá Ànọ́bì. Ànọ́bì ní tó bá fẹ́, kó ṣe sùúrù, kó rí àlùjánnà, tó bá sì fẹ́, òun á tọrọ ìwòsàn fún un. Obìnrin náà ní òun á ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n aṣọ máa ń ṣí lára òun tó bá gbé òun, kó bá òun tọrọ pé kó má ṣí mọ́. Ànọ́bì sì tọrọ rẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tó nà án, kò sí ẹni tó pè é ní àjẹ́.

Àwọn aṣáájú wa nínú ìmọ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní 934, kọ ọ́ pé bí ara ṣe ń ṣàìsàn ni ọkàn náà ń ṣàìsàn. Ó ní ìbànújẹ́ kan wà tí a mọ ohun tó fà á, òmíràn sì wà tí èèyàn ò lè sọ ìdí rẹ̀, tó jẹ́ pé inú ara ló ti wá. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, oṣù kìíní 2023 la tó gbọ́ pé Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin 1958 tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ gan-an, òfin wèrè ni.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwa tí à ń gun mímbárì. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, Súrà Nisáì āyà 29 la máa ń kà: "Ẹ má ṣe pa ara yín." Níbẹ̀ la ti ń pa ìwé dé. Gbólóhùn náà kò tíì tán o. Ìparí rẹ̀ ni: "Dájúdájú, Ọlọ́hun jẹ́ Aláàánú fún yín." Ìdajì tó ń dẹ́rù bani la gbé fún ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀, a fi ìdajì tó lè gbé e dìde pa mọ́ sápò. Ẹ tún wo Màríàmù nínú ìrora ìrọbí, tó ní ó sàn kí òun ti kú ṣáájú èyí. Ohùn tó dá a lóhùn kò bá a wí. Ó ní kó má banújẹ́, omi ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀, kó mi igi dàbínù, kó jẹ, kó mu. Ìyá wa tí kò kàwé ló mọ ìyẹn nílé tiwa. Ní gbogbo àsìkò tí mò ń wàásù, òun ń gbé ògì gbígbóná wọlé láràárọ̀, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, kò ní sọ nǹkan kan títí ife yóò fi dé ìdajì.

Àdúà tí Ànọ́bì máa ń ṣe lemọ́lemọ́, ẹ bá wa kà á lẹ́yìn ìrun òní: Allaahumma innii a'uudhu bika minal hammi wal hazan, wal 'ajzi wal kasal, wal bukhli wal jubn, wa dala'id-dayni wa ghalabatir-rijaal. Àníyàn, ìbànújẹ́, àìlágbára àti ẹrù gbèsè, ó kó wọn pọ̀ sínú àdúà kan ṣoṣo, bí ẹni tó ti jókòó nínú yàrá àbúrò mi.

Ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Ó ti ń jáde, ó tún ti ń ra kajú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí omi bùtà yẹn á tún wúwo. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í fi pa mọ́ fún mi mọ́. Èmi ni mo máa ń gbé bùtà, tí màá máa da omi sí i lọ́wọ́ títí tí yóò fi ṣe àlùwàlá tán.